Ẹ̀dọ̀ Ni A Fẹ̀sùn Kàn, Egungun Ló Ń Ké

Ìwé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan dé iwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀ ní láàbù. Obìnrin ló ni ẹ̀jẹ̀ náà, ẹni ọdún 47. Ohun tí dókítà tó rán an wá kọ sórí fọ́ọ̀mù kò ju ìlà kan lọ: ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ara ń ro ó, ìhà ọ̀tún ń dùn ún, ẹ bá wa yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Àyè tí a ń kọ òògùn tí aláìsàn ń lò sí wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Òfìfo ni.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí n sì kọ ìlà kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí yóò tọ́ dókítà sọ́nà. Ìlà tí mo kọ sí tirẹ̀ wà lára ohun tó ti obìnrin yìí sínú wàhálà oṣù mẹ́sàn-án, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

ALP rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí a ń wọ̀n nínú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, jẹ́ 412. Ní láàbù wa, ti àgbàlagbà kì í ju 130 lọ. GGT rẹ̀, èyí tí a ń wọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́ 96, bẹ́ẹ̀ 40 ni òkè rẹ̀ fún obìnrin. ALT 24 àti AST 26 (wọ́n máa ń ga bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́), bilirubin 9 (òun ló ń mú ojú pọ́n bí ó bá pọ̀ jù), albumin 41 (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe): gbogbo ìwọ̀nyí wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "ALP àti GGT jọ ga. Ó jọ pé ọ̀nà òróòro ló ní ìṣòro. Ẹ ṣe síkáànù ẹ̀dọ̀." Mo fọwọ́ sí i, mo mú ìwé tó kàn. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí nọ́ńbà náà lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

ALP ni ìkékúrú alkaline phosphatase. Ẹ́ńsáìmù ni, ìyẹn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yára, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti já fọ́sífétì kúrò lára àwọn èròjà mìíràn. Ní 1923, Robert Robison, tó ń ṣe ìwádìí ní London, fi hàn pé irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú egungun tó ń dàgbà, ó sì dá a lábàá pé òun ló ń tú fọ́sífétì sílẹ̀ tí egungun fi ń le. Lẹ́yìn náà ni ó hàn sí àwọn oníṣègùn pé ó tún máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ bá dí. Ìfun náà ní tirẹ̀. Ibi ọmọ inú aboyún ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ̀rọ máa ń da omi ẹ̀jẹ̀ bíńtín mọ́ èròjà kan tí kò ní àwọ̀ rárá. Bí ALP bá ti ń já fọ́sífétì kúrò lára èròjà yìí, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá ṣe ń yára pọ́n tó ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ máa gbé jáde ṣe máa ga tó. ALP tó ti ẹ̀dọ̀ wá, rúsúrúsú ni. Èyí tó ti egungun wá, rúsúrúsú kan náà ni. Ẹ̀rọ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ìwé bá sọ pé 412, àpapọ̀ gbogbo ALP tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, láti ibikíbi tó ti wá.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ẹlẹ́rìí kejì. GGT wà lára ẹ̀dọ̀ àti ọ̀nà òróòro, kò sí lára egungun. Bí ALP bá ga tí GGT bá bá a ga, a ó ní ẹ̀dọ̀ ni. Bí ALP nìkan bá ga, a ó wo egungun. Òfin tó dára ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó lè gbé GGT sókè nígbà tí ọ̀nà òróòro ò ṣe nǹkan kan. Ọtí wà lára wọn. Àwọn òògùn kan wà lára wọn. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ mo rí àyè òògùn tó ṣófo lórí fọ́ọ̀mù, n kò sì gbé fóònù láti béèrè. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹlẹ́rìí kan ni mo gbọ́ tí mo fi dájọ́.

Òkúta tó bọ́ sí àárín ọ̀nà

Wọ́n ṣe síkáànù. Ẹ̀dọ̀ dán, kò wú. Ọ̀nà òróòro kò fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n òkúta kéékèèké mẹ́ta wà nínú àpò òróòro.

Látìgbà náà, gbogbo ènìyàn gbà pé a ti rí ọ̀daràn. Ìhà ọ̀tún ń dùn ún, òkúta wà níbẹ̀, ALP ga, GGT ga. Ìtàn náà pé lójú gbogbo wa. Ohun tí a kò fún ní ìwúwo rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé òkúta inú àpò òróòro kiri tí kò sì ní yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé wọn. Àti pé bí òkúta bá dí ọ̀nà débi tí ALP yóò fi di ìlọ́po mẹ́ta, ó yẹ kí ọ̀nà náà fẹ̀, tàbí kí bilirubin gòkè, tàbí kí ALT mì. Kò sí ìkankan nínú wọn. Ojú rẹ̀ kò pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ara kò yún un.

Dókítà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò hepatitis B àti C: kò sí. Ó yẹ ẹ́ wò fún àìsàn tí ara fúnra rẹ̀ fi ń bá ọ̀nà òróòro kéékèèké inú ẹ̀dọ̀ jà: kò sí àmì rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya ọ̀nà òróòro látòkè délẹ̀: ó mọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, ALP ń wá sí ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kejì kejì, ó sì wà láàárín 400 sí 440. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní kí àwọn kọ́kọ́ yọ àpò òróòro, bóyá ìrora yẹn á lọ. Wọ́n dá ọjọ́.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìwé tí wọ́n dì mú, èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Nọ́ńbà tó dára jù, tó sì jẹ́ irọ́

Ọjọ́ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ abẹ ni, wọn kò béèrè ẹ̀dọ̀ nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n béèrè iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti kálísíọ̀mù pẹ̀lú. ALP jáde ní 38.

Mo gbọ́ pé inú wọn dùn ní wọ́ọ̀dù kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí ẹnìkan ti rí nọ́ńbà yẹn lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní òkúta tó dí ọ̀nà ti gbọ̀nà ìfun lọ. Ṣùgbọ́n lórí ìwé kan náà, pòtásíọ̀mù jẹ́ 11.4, kálísíọ̀mù sì jẹ́ 0.9. Ẹni tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ bá jẹ́ 11.4 lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ kò ní máa lù. Obìnrin yìí jókòó sórí ibùsùn, ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo pe wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà ló gbé e.

"Ẹ má bínú, ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹ ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà."

"Ẹ̀jẹ̀ náà kò fẹ́ jáde dáadáa, sà. Ìgò onídèérí àlùkò ni mo kọ́kọ́ kún. Nígbà tí ti kejì kò tó, mo bù díẹ̀ kún un láti inú èyí."

Ó sọ òtítọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò onídèérí àlùkò ni a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. EDTA wà nínú rẹ̀, iyọ̀ pòtásíọ̀mù sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di kálísíọ̀mù mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bá dé inú ìgò mìíràn, pòtásíọ̀mù á ga fíofío, kálísíọ̀mù á wálẹ̀. Ó sì tún ṣe ohun kẹta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: ALP kò lè ṣiṣẹ́ láìsí síǹkì àti magnesium, EDTA sì máa ń já àwọn náà gbà. ALP wà nínú ìgò yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ohun èlò iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi kò lè pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀rọ sì kọ 38.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tuntun. Pòtásíọ̀mù 4.2. ALP 438. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù kò padà bọ̀ sípò bí mo ti retí. Ó jẹ́ 2.06, bẹ́ẹ̀ 2.15 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, albumin, tí apá kan kálísíọ̀mù máa ń so mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, sì wà déédéé, kò lè jẹ́ òun ló fà á. Irọ́ ni 0.9. Òtítọ́ kékeré kan ló wà lábẹ́ irọ́ náà.

Mo tún gbogbo ìwé rẹ̀ wò láti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni wọn kálísíọ̀mù rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ni à ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún, kálísíọ̀mù kò sì sí nínú rẹ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì yẹn kò da ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bóyá a ò bá máa wo 2.06 bí nǹkan kékeré tí kò ṣe pàtàkì. Ohun tó jẹ́ kí n tẹjú mọ́ ọn ni pé mo ti ń retí kí ó padà sí ipò rẹ̀, kò sì padà.

Àga wọ́ọ̀dù

Mi ò sábà lọ sí wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ yẹn mo lọ. Ọ̀dọ́ dókítà kan ló wà níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un: ALP ga, kálísíọ̀mù rẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìyá yìí bí ẹni pé a kò mọ nǹkan kan nípa òkúta. Obìnrin náà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún wa, kí ẹ má fi ọwọ́ ti nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dókítà, mi ò lè dìde bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti lé ní ọdún kan."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti itan ara rẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà lára ara rẹ̀. Nígbà tó rìn lọ sídìí ibùsùn, ìdí rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀dọ́ dókítà náà tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀, níbi tí àpò òróòro wà: kò dùn ún. Ó wá gbé ìka sókè díẹ̀, ó tẹ egungun ìhà fúnra rẹ̀. Ó ta kìjí. Ó tẹ egungun ìhà òsì. Ó tún ta kìjí.

Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi ń kọ "ìrora ìhà ọ̀tún". Òsì náà ń dùn ún. Ọ̀tún ló kàn kọ́kọ́ mẹ́nu bà, àwa sì di èyí mú.

"Ṣé ẹ sọ fún àwọn dókítà pé ẹ ò lè dìde?"

"Mo sọ pé ara ń ro mí. Wọ́n ní òróòro ni. Mo wá rò pé àgbà ló ń dé sí mi."

Nígbà náà ni ọ̀dọ́ dókítà náà béèrè òògùn. Obìnrin náà fa ọ̀rá kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Phenytoin ni, 300 mg lójúmọ́, ó sì ti ń lò ó fún ọdún 19, láti ìgbà tí wárápá ti kọ́kọ́ gbé e. Kò tíì gbé e mọ́ láti ọdún pípẹ́. Òògùn náà ti di ara ìgbésí ayé rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ń lo òògùn kankan, òògùn tuntun ló máa ń rò pé wọ́n ń béèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú àwọn fáìlì àtijọ́ nínú yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀. Ó máa ń jáde nílé kí oòrùn tó là, á sì wọlé lẹ́yìn tó bá wọ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá so pọ̀. Awọ ara ló ń ṣe fítámì D nígbà tí oòrùn bá pa á, awọ tó dúdú sì nílò oòrùn pípẹ́ ju awọ tó pupa lọ. Ẹ̀dọ̀ á yí i padà, kíndìnrín á parí iṣẹ́ náà, fítámì ọ̀hún á wá jẹ́ kí ìfun lè gba kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì wọlé. Phenytoin máa ń ru àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ sókè, àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí á sì máa wó fítámì D kí ara tó lò ó tán. Láti nǹkan bí 1970 ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ̀wé nípa egungun rírọ̀ lára àwọn tó ń lo òògùn wárápá fún ọdún púpọ̀. Rírú tí òògùn yìí ru ẹ̀dọ̀ sókè yẹn kan náà ló ń gbé GGT sókè. Òògùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà: ALP gba ojú egungun, GGT gba ojú ẹ̀dọ̀. Wọ́n jọ ga lóòótọ́. Wọn kò jọ ti ibì kan wá.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. A wọn fítámì D rẹ̀: 6 ng/mL, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò bá tó 12 ti kéré gan-an. Fọ́sífétì 0.68, ó rẹlẹ̀. PTH, ìyẹn èròjà tí ara fi ń fa kálísíọ̀mù jáde nínú egungun nígbà tí ti ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ tán, jẹ́ 168, kò sì yẹ kó ju 65 lọ. A fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù kan tó lè ya ALP sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti egungun wá, ti ẹ̀dọ̀ kò kọjá ààlà. X-ray fi ìlà tín-ínrín kan hàn ní ìhà inú ọrùn egungun itan rẹ̀, irú èyí tí a ń rí bí egungun bá rọ̀ tí ìwúwo ara sì ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ká ní ó ṣubú kí a tó mọ̀, mi ò fẹ́ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà náà tún gòkè

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ọpọlọ sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá phenytoin náà dúró lójijì. Ẹni tó bá já òògùn wárápá jù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lè kó sínú gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró, ìyẹn sì lè pa á. Wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti fi òògùn mìíràn tí kì í ru ẹ̀dọ̀ sókè rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ fítámì D pẹ̀lú kálísíọ̀mù. Fítámì náà pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún ẹlòmíì lọ, nítorí ẹni tó ń lo irú òògùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ dókítà yẹn pè mí. Mo gbọ́ ìpayà lóhùn rẹ̀. "Sà, ALP ti di 561. Ṣé kì í ṣe pé a ti ṣìnà? Ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ inú egungun ni?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ràn pé ó béèrè. Jẹjẹrẹ tó bá ti ràn dé egungun lè gbé ALP sókè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó ka àwọn nọ́ńbà tó kù fún mi. Kálísíọ̀mù 2.24. Fọ́sífétì 0.95. PTH ti já sí 92. Mo bi í pé aláìsàn náà ńkọ́? Ó ní ó ti ń gun àtẹ̀gùn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun ló ń tú ALP yìí sínú ẹ̀jẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń to ògiri láìsí símẹ́ǹtì. Nígbà tí símẹ́ǹtì dé, wọ́n kọjú mọ́ iṣẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀. ALP tó gòkè ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìtọ́jú egungun rírọ̀, bí àwọn nọ́ńbà yòókù bá ń bọ̀ sípò, ìròyìn iṣẹ́ ni. A dúró. Ní oṣù kẹta ó jẹ́ 395, ní oṣù kẹfà 214, nígbà tí ọdún pé ó jẹ́ 112. GGT kò tẹ̀lé e. Ó wà ní 90 ní oṣù kẹta, nígbà tí phenytoin ṣì wà. Lẹ́yìn tí òògùn náà kúrò pátápátá, ó já sí 33. Òkúta mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Wọn ò tíì dá a lóró.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìwé yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á

Mo ti yí ohun tí mo ń ṣe padà. Bí ALP bá ga tí ALT àti bilirubin sì wà déédéé, mi ò jẹ́ kí ìwé náà jáde láìfi kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì kún un. Omi ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò náà tó fún un. Bí àyè òògùn bá ṣófo, mo ń tẹ̀ wọ́n láago. Mo sì ń béèrè àwọn òògùn wárápá tó ń ru ẹ̀dọ̀ sókè ní orúkọ: phenytoin, carbamazepine, phenobarbital. "Ṣé ó ń lo òògùn?" kò tó, nítorí ẹni tó ti ń lo nǹkan fún ọdún 19 kò kà á kún òògùn mọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà níbẹ̀, mi ò gbà kí GGT jẹ́rìí lórí ibi tí ALP ti wá. A ó ya ALP sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí ká wá 5'-nucleotidase, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni gíga rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un láti inú ìtàn yìí pé ALP tó ga kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti ẹ̀dọ̀ ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń rù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, kò yẹ kí ó máa dúró de àyẹ̀wò fítámì. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí ALP wọn ga tí kò sí àìsàn kankan lára wọn: ọmọkùnrin ọdún 14 tó ń ga sí i lè ní 350, aboyún ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn lè ní ìlọ́po méjì, ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ tó ń jinná, ẹlẹ́jẹ̀ O tàbí B tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọlọ́ràá. Mo ti rí ọmọ ọdún méjì tí tirẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí ìyá rẹ̀ kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti padà sípò fúnra rẹ̀, nítorí nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ kéékèèké tó sì máa ń kọjá lọ ni. Ní ìdàkejì, ALP tó wà déédéé kò sọ pé egungun mọ́: myeloma, jẹjẹrẹ tó ń jẹ egungun láìjẹ́ kí ara tún un mọ, sábà máa ń fi ALP sílẹ̀ níbi tó wà.

ALP tó bá já lulẹ̀ lójijì náà, ẹ wo pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí inú yín tó dùn.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lẹ́yìn tí ara obìnrin yìí ti yá, mo ní kí wọ́n bá mi wá àwọn àyẹ̀wò rẹ̀ àtijọ́. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún nítorí òògùn wárápá yẹn gan-an. Láàbù wa ló ṣe wọ́n. Ìwé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ ṣáájú èyí tí mo kọ ìlà sí. ALP: 121, 148, 196, 287. GGT: 89, 93, 87, 95. Ọdún mẹ́rin gbáko ni GGT fi dúró lójú kan tí ALP ń gun òkè lọ, lórí ìwé tó jẹ́ tiwa, lábẹ́ orúkọ kan náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, bọ́tìnì tó ń fi àbájáde ìṣáájú hàn wà lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́.